Èènì Lórí Àdéhùn: Ìyá Àgbà Mi Nídìí Káàdì

Nínú ìwé tí a pín níbi ìsìnkú Ìyá àgbà mi, a kọ ọ́ pé ó bí ọmọ mẹ́rin, pé ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ, pé ó fẹ́ràn àlejò. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé náà lè jẹ́ ti ìyá àgbà ẹnikẹ́ni ní Alimọ́ṣọ́. Kò sí ibi tí ó ti wà níbẹ̀ pé ó ń ta káàdì. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kí n yọ ọ́, mo sì yọ ọ́, nítorí n kì í jiyàn. Mo wá ń kọ ọ́ síbí.

N kò ní í sọ ìgbé ayé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. N kò mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́njú, ó ti di ìyá àgbà. Ẹni tí mo mọ̀ ni obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí ó máa ń jókòó sórí àga onírọ́bà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ ní Ẹgbẹ́dá lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, tí ó na káàdì mẹ́fà tàbí méje sílẹ̀ lọ́wọ́ bí abẹ̀bẹ̀, tí kì í sì í wò wọ́n. Ojú rẹ ló máa ń wò.

Bàbá àgbà ló kọ́ ilé náà. Yàrá mẹ́rin ni, ti Ìyá àgbà ló wà níwájú, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí títì. Láti ojú fèrèsé yẹn ló ti ń kí gbogbo àdúgbò, tí ó ti ń béèrè ara ọmọ, tí ó ti ń bá ẹni tó bá wọ aṣọ òdì wí. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń sùn níbẹ̀. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n tó, ohun kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù láyé: kí wọ́n gbé e kúrò nínú yàrá náà. Àbúrò ìyá mi, Àǹtí Fọlákẹ́, tí ó ń gbé ní Àkúrẹ́, ni ó fẹ́ gbé e. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú ló ti ń bẹ̀bẹ̀ lọ́dọọdún pé kí ó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ọdọọdún ni Ìyá àgbà ń rí ohun tí yóò fi sún un síwájú: òjò, orúnkún, ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé kí ló dé tí kò fẹ́ lọ, nígbà tí ilé Àǹtí dára ju tiwa lọ.

Ó ní, "Níbí, èmi ni mo ń gba àlejò. Ní Àkúrẹ́, èmi ni àlejò."

Wọ́ọ̀tì ni eré tí ó ń ta. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún kí ó tó mọ̀ ọ́n. Àwọn olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀ nígbà kan, ó pẹ́ kí wọ́n tó padà, àwọn òbí sì kó àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ náà mú káàdì dání. Kí ilé-ìwé tó ṣí, ó ti ń na gbogbo wọn. Kò mọ̀wé nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ó mọ òǹkà, àwọn àwòrán ara káàdì náà sì gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀. Onígun mẹ́ta ni òrùlé. Onígun mẹ́rin ni fèrèsé. Èyí tó rí róbótó ni ọsàn. Àgbélébùú àti ìràwọ̀ kò yí orúkọ padà. Ẹni tó bá fẹ́ bá a ta, orúkọ wọ̀nyí ni yóò fi pè wọ́n. Tísà, aládùúgbò wa, obìnrin Oǹdó kan tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, sọ fún un nígbà kan pé kí ó jẹ́ kí òun kọ́ ọ ní orúkọ wọn gan-an.

Ó dá a lóhùn pé, "Ẹni tó bá ti mọ òrùlé, tó mọ fèrèsé, kí ló kù nínú ilé tí kò mọ̀?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ fún ẹni tí kò mọ eré náà. Ẹ ó máa ta káàdì sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwòrán rẹ̀ tàbí nọ́ńbà rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti èyí tó wà nílẹ̀ mu. Bí ẹ kò bá ní èyí tó bá a mu, ẹ ó mú ọ̀kan nínú àwọn tó dojú délẹ̀. A ń pe ìyẹn ní lílọ sọ́jà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ ṣófo ló jẹ. Ṣùgbọ́n àwọn káàdì oró wà nínú rẹ̀. Bí mo bá ta eéjì, ẹni tó kàn mí yóò mú méjì lọ́jà. Bí mo bá ta mẹ́rìnlá, gbogbo ènìyàn ló ń lọ sọ́jà àfi èmi.

Lọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn, eré náà kò jù báyìí lọ. Lọ́dọ̀ Ìyá àgbà, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwa mẹ́rin la máa ń ta: òun, Tísà, èmi, àti Álájì, onílé òdìkejì wa, tí ó ti wa ọkọ̀ àjàgbé rí. Ẹni tó bá kẹ́yìn ni yóò gbá iwájú ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tiwa, ti Tísà àti ti Álájì, láàárọ̀ Mọ́ńdè. Bí Ìyá àgbà bá kẹ́yìn, èmi ni mo ń bá a gbá a, nítorí náà n kì í fẹ́ kí ó kẹ́yìn. Álájì ló máa ń ta ṣíwájú rẹ̀, òun ni oró rẹ̀ lè bà á.

"Álájì," ni yóò wí, "eéjì wà lọ́wọ́ ẹ."

"Màmá, ta ló sọ fún yín?"

"Irùngbọ̀n ẹ ni. O ti fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Má fi gbá mi. Èmi náà ò ní í ta mẹ́rìnlá títí káàdì ọwọ́ ẹ á fi ku méjì."

"Ṣé mẹ́rìnlá wà lọ́wọ́ yín ni?"

"Bóyá ó wà, bóyá kò sí. Àdéhùn ni mo ń bá ẹ dá, mi ò pè ẹ́ kó o wá wo àpò mi."

"Títí á fi ku ẹyọ kan."

"Méjì, jàre. Ṣé o fẹ́ jẹ tán kó o tó jẹ́ kí n mí ni?"

"Ó dáa. Mo gbà."

Tísà yóò gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sókè. "Èmi àti Àkànní ńkọ́? Ṣé a kàn wá wòran ni?" Àkànní ni èmi.

"Ẹ̀yin náà ẹ dá tiyín. Ọjà ò tíì tú."

A ó ta yípo lẹ́ẹ̀kan, bóyá lẹ́ẹ̀mejì.

"Álájì, mo fẹ́ yí i padà."

"Ẹ tún ti dé."

"Káàdì Tísà ti ku ẹyọ kan. Tí mi ò bá ta mẹ́rìnlá báyìí, ó jẹ nìyẹn. Àwa méjèèjì ló máa nà."

"Mo gbọ́. Kí lèènì mi?"

Èènì yẹn ni òfin rẹ̀. Ó ní kò sí àdéhùn tí a kò lè yí padà, nítorí ọwọ́ ènìyàn kì í dúró bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ yí i padà yóò sọ ọ́ síta, lójú ẹni tó bá a dá a, kí káàdì tó kan àpótí tí a ń ta á lé. Lẹ́yìn náà yóò fi èènì sí i, bí ọlọ́jà ṣe ń bu díẹ̀ lé ohun tí o rà. Nídìí káàdì, èènì náà lè jẹ́ pé kí ó lọ sọ́jà lẹ́ẹ̀kan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lé e lọ. Ó lè jẹ́ pé kí ó ṣí káàdì kan hàn. Ẹni tí wọ́n ń bá yí i ló ń sọ bóyá ó tó. Tísà fẹ́ fi ohun tí kò wúlò fún un san án lọ́jọ́ kan, káàdì kan tí gbogbo wa ti mọ̀ pé ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín.

"Tísà, tí èènì ò bá dùn ẹ́, ohun tó o ti fẹ́ dà nù tẹ́lẹ̀ ni."

Káàdì kan wà nínú àwọn káàdì wa tí a fi páálí wàrà ṣe. Káàdì ìràwọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin ti sọnù, Tísà sì gé páálí náà, ó ya ìràwọ̀ kan tó wọ́ díẹ̀ sí i. Kò sẹ́ni tí kò mọ ẹ̀yìn rẹ̀. Bí o bá mú un, gbogbo ayé ti rí ọ, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàá-dúrà lé ọ lórí. Álájì ra káàdì tuntun wá láti ibùdókọ̀ Pleasure, ó ṣì wà nínú ọ̀rá. Ìyá àgbà dúpẹ́, ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí, kò sì ṣí i títí ó fi kú.

Ó ní, "Ó dáa kí ọ̀kan wà níbẹ̀ tí gbogbo wa jọ mọ̀."

Ẹ má rò pé ó rọrùn láti bá ṣeré. Ó bá Álájì jà lọ́dún kan, ìjà náà sì gbóná. Álájì ti bá a dá àdéhùn, ṣùgbọ́n òun àti Tísà ṣẹ́jú síra wọn, wọ́n jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ láìsọ ọ́ síta, Ìyá àgbà sì kẹ́yìn. Kò pariwo. Ó kó káàdì rẹ̀ jọ, ó gbé e sórí àpótí, ó sọ nǹkan kan ní èdè Èkìtì tí n kò ní í tú síbí, ó wọlé. Sátidé méjì tó tẹ̀ lé e, kò jáde. Ojú fèrèsé ló jókòó sí, ó ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá, àfi ẹni tó ni irùngbọ̀n. Ní Sátidé kẹta, Álájì gbé àga rẹ̀ wá sábẹ́ fèrèsé náà.

"Màmá, eré náà ni."

"Mo mọ̀ pé eré ni. Nínú eré lèèyàn ti ń fi ara ẹ̀ hàn."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?"

"Ìwọ lo mọ ohun tó máa dùn ẹ́."

Bí Álájì ṣe gbá iwájú ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún Mọ́ńdè mẹ́rin nìyẹn, nínú jalàmíà funfun, láìjẹ́ pé ó kẹ́yìn. Àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ ń bi í pé ṣé kò sí nǹkan. Ó ń dá wọn lóhùn pé èènì lòun ń san. Lọ́jọ́ tó parí, Ìyá àgbà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó, ó da káàdì pọ̀.

"Yí i padà lójú mi, màá bá ẹ sọ ọ́. Tó o bá yí i padà lẹ́yìn mi, èmi àti ta ni ká jọ sọ ọ́?"

Kì í ṣe orí káàdì nìkan ló ti ń ṣe é. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, mo ti ń ṣiṣẹ́ káfíńtà, kí n tó jókòó ní kíláàsì, láàárín àwọn ọmọ tó ń pè mí ní bàbá. Òun ló fà á. Ó ní bí mo bá lọ sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ kan ní Ìkọ̀tún, òun náà yóò máa kọ́ lẹ́tà kan lọ́sẹ̀ lọ́dọ̀ mi títí òun yóò fi lè kọ orúkọ òun àti ti bàbá òun. Mo gbà. Nígbà tó dé ìdajì, ó pè mí.

"Mo fẹ́ yí i padà. Orúkọ bàbá mi ti gùn jù. Àbẹ̀kẹ́ nìkan ni màá kọ."

"Kí lèènì mi, mà?"

Ó ro ó títí. Aáṣáà ni ó fi sílẹ̀. Ó ti ń fín in kí a tó bí ìyá mi. Oṣù kan gbáko ni kò fi í sí imú, gbogbo ilé ló sì rí pupa ojú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí èsì ìdánwò mi jáde, ó gba àpòòwé náà lọ́wọ́ mi, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Lẹ́tà kan kọ ẹ̀yìn sí àwọn yòókù.

Ó ní, "Ìwọ lo yege. Èmi, mo rí ara mi lórí ìwé."

Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ìyàwó mi kú. Ìgàndo là ń gbé nígbà náà. Àwọn ènìyàn wá, wọ́n sọ ohun tí ènìyàn máa ń sọ, wọ́n lọ. Àwọn ọmọ mi ti lọ ilé ọkọ. Mo kó ẹrù mi wá sí Ẹgbẹ́dá, mo gba yàrá ẹ̀yìn. Ní ọjọ́ kejì, Ìyá àgbà gbé àpótí síwájú mi.

"Mi ò ní í bi ẹ́ ní nǹkan kan. O ò ní í dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n tó o bá ti ta káàdì, kó o pe àwòrán ẹ̀ síta."

Nítorí náà, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu mi nínú ilé náà ni òrùlé, fèrèsé, ọsàn. Lẹ́yìn náà ó ní òun fẹ́ yí i padà. Ó fẹ́ kí n máa sọ gbólóhùn kan nípa ìyàwó mi bí a bá ti ta tán. Èènì rẹ̀ ni pé òun náà yóò máa sọ ọ̀kan nípa Bàbá àgbà, tí n kò gbọ́ kí ó dárúkọ rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín.

Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ tèmi. "Ó máa ń gbàgbé ọbẹ̀ sórí iná."

Ó mi orí. "Bàbá àgbà ẹ máa ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Oúnjẹ ló sì máa ń dárúkọ."

N kò mọ ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu, ojú tì mí.

"Fọwọ́ ẹ sílẹ̀," ni ó wí. "Ẹkún á dé láyè tiẹ̀. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ dé, fún un ní àga."

Mo ti ń sún ohun tó kù síwájú, nítorí èmi ni mo jẹ̀bi níbẹ̀.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, Ìyá àgbà ṣubú ní balùwẹ̀. Egungun kò kán, ṣùgbọ́n ìbàdí rẹ̀ wú, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì wà nínú báńdéèjì. Dókítà ní kí ẹnì kan máa wẹ̀ ẹ́. Ó kọ̀. Tísà bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Nọ́ọ̀sì kan wá, Ìyá àgbà fún un ní oúnjẹ, ó sì ní kó máa lọ. Ó ń ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀, ó ń jókòó sórí àga nínú rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo wẹ̀, èmi a sì dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, n ó máa fetí sí omi. Kò sí ẹni tó wẹ̀ ẹ́ rí láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdé, kò sì fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀. "Ara mi ni," ni ó máa ń wí, "mo ṣì mọ ọ̀nà ibẹ̀."

Ẹ̀rù bà mí. Mo ti sin ẹnì kan, n kò fẹ́ kí ẹlòmíràn kú sí mi lọ́wọ́. Nígbà tí Àǹtí Fọlákẹ́ pè lórí fóònù, tí ó ní ó yá, a jọ dá a pé lẹ́yìn Àjíǹde òun yóò wá gbé e. A ó sọ fún un pé àyẹ̀wò ọlọ́sẹ̀ kan ni. Bí ó bá ti dé Àkúrẹ́, yóò kúkú gba kámú. Mo ní mo gbà. Èmi tí mo mọ òfin ilé náà ju ẹnikẹ́ni lọ, mo dá àdéhùn lórí rẹ̀ nígbà tí ó ń sùn.

Ọjọ́ Sátidé ni Àǹtí dé. Àwa mẹ́rin wà nídìí káàdì. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀, ó kí Álájì àti Tísà, awakọ̀ sì gbé báàgì ńlá méjì wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá àgbà wo báàgì náà. Kò sí nǹkan kan nínú wọn, atẹ́gùn ń gbé wọn.

"Fọlákẹ́, ọ̀sẹ̀ kan lo pè é."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Báàgì méjì tó ṣófo fún ọ̀sẹ̀ kan." Ó yíjú sí mi. Mo ń wo káàdì mi. "Àkànní."

"Mà."

"Ìgbà wo lẹ dá a?"

"Kí Àjíǹde tó dé, mà."

"Ibo ni mo wà?"

"Ẹ ń sùn, mà."

Álájì dìde, ó ní àkókò ìrun àásárì ti ń sún mọ́. Ìyá àgbà ní kí ó jókòó, pé wákàtí kan ṣì wà, òun sì nílò ẹlẹ́rìí. Ó wá da káàdì rẹ̀ dé sórí àpótí.

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ dá a. Mi ò ní í bá yín tú u."

 Mo gbọ́ ìgbàlẹ̀ ẹnì kan ní òdìkejì títì. Mo ti sọ pé n kì í jiyàn. Àǹtí ló fi owó ilé-ìwé àwọn ọmọ mi ràn mí lọ́wọ́; n kò já a ní koro rí. Mo dìde dúró, nítorí n kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ ní ìjókòó.

"Àǹtí, mo fẹ́ yí àdéhùn wa padà."

Àǹtí gbé báàgì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Kí lèènì mi?"

Ẹnu yà mí. N kò rò pé ó mọ̀ ọ́n. Kò fọwọ́ kan káàdì rí, ìjọ rẹ̀ kò fẹ́ ẹ.

"Kí lò ń wò? Ọ̀dọ̀ ta lo rò pé mo dàgbà sí? Kí káàdì tó wọ ilé yìí la ti ń san èènì lórí abọ́ fífọ̀."

"Màá kúrò ní yàrá ẹ̀yìn," ni mo wí. "Ẹnu ọ̀nà yàrá wọn, ní pálọ̀, ni màá máa sùn."

"Kò tó."

"Àǹtí..."

"Kò tó, Àkànní. Ẹ rò pé ilé ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín, àbí? Àwọn ẹgbẹ́ mi ń tọ́jú ìyá tiwọn. Ojú fóònù ni mo ti ń rí tèmi. Ó ṣubú, ojú fóònù ni mo ti gbọ́. Kí ni mo wà fún?" Ohùn rẹ̀ já níbẹ̀.

Ìyá àgbà kò wo báàgì mọ́. Ojú ọmọ rẹ̀ ló ń wò, bí ó ṣe máa ń wo ojú Álájì nígbà tó bá ń wá ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. 

"Fi Àkànní sílẹ̀. Èmi ni mi ò fẹ́ lọ, èmi ni kó san án. Ọ̀sẹ̀ kan lóṣù, kó o máa wá síbí. Mi ò kúrò nínú yàrá mi. Tó o bá ti dé, ìwọ ni wàá máa wẹ̀ mí."

Tísà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Álájì wo ilẹ̀.

"Ọ̀sẹ̀ méjì," ni Àǹtí wí, ó ń nu ojú.

"Ọ̀sẹ̀ kan."

"Ọ̀sẹ̀ kan, àti orí yín. Èmi ni màá máa fọ̀ ọ́, èmi ni màá máa di í."

"Ọ̀sẹ̀ kan, àti orí. Omi gbọ́dọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́."

"Mo gbà, mà."

"Èmi náà gbà. Àkànní, jókòó, ìwọ lo kàn mí." Ó gbé káàdì rẹ̀ sókè, ó sì ta eéjì lé mi lórí.

Fún oṣù kan lẹ́yìn náà, kò bá mi dá àdéhùn kankan nídìí káàdì. Oró ló ń fi gbá mi ṣáá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì gbá iwájú ilé fún ara mi. Mo bẹ̀ ẹ́.

"Mo ti dárí jì ẹ́," ni ó wí. "Ọjà ni mi ò tíì ṣí fún ẹ."

Àǹtí ń wá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, láti Mọ́ńdè dé Sọ́ńdè. Mo ṣì mú èènì tèmi ṣẹ; láti pálọ̀ tí mo ti ń sùn, mo máa ń gbọ́ wọn ní balùwẹ̀ láàárọ̀.

"Fọlákẹ́, omi yìí gbóná."

"Màmá, wọ́ọ́rọ́ ni."

"Wíwẹ̀ la jọ sọ. A ò sọ̀rọ̀ bíbọ̀."

"Ẹ gbé apá sókè, ẹ jọ̀ọ́."

"Apá ọ̀tún nìkan. Mo fẹ́ yí tòsì padà."

"Kí lèènì mi?"

A ó sì gbọ́ ẹ̀rín àwọn méjèèjì. Ní oṣù kejì, ó ti jẹ́ kí ó fọ ẹ̀yìn òun. Ní oṣù kẹrin, òun fúnra rẹ̀ ló ń pè é pé kí ó yára, pé ara ń yún òun. Kò sí ẹni tó sọ fún mi ohun tí ìyá àti ọmọ ń bá ara wọn sọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn, ṣùgbọ́n Àǹtí sanra sí i. Ó tilẹ̀ ti ń jókòó tì wá ní Sátidé, ó ní òun kò ta, òun kàn ń wò, ó sì ń sọ fún Tísà ohun tó wà lọ́wọ́ Álájì. Ìyá àgbà ní kí ó yéé ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ẹni tí kò bá ní káàdì lọ́wọ́, kò ní àdéhùn tó lè dá."

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ó gba káàdì.

Ọjọ́ Wẹ́sìdeè ni Ìyá àgbà kú, ọjọ́ kẹta nínú ọ̀sẹ̀ Àǹtí. Àǹtí ti wẹ̀ ẹ́, ó ti fi òrí pa á lára, ó ti di irun rẹ̀ ní pátẹ́wọ́, ó sì gbé e jókòó sí ojú fèrèsé. Mo gbọ́ tí Ìyá àgbà ń kí Álájì ní òdìkejì títì, tí ó ń bi í léèrè ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dùn ún. Àǹtí lọ po ẹ̀kọ. Nígbà tí ó gbé e dé, Ìyá àgbà ti fi orí ti ara fèrèsé, ara rẹ̀ mọ́, ó ń ta sánsán, ó sì ti lọ. Inú yàrá rẹ̀ náà ni.

Kí oòrùn tó wọ̀, ilé ti kún. Gbogbo ẹbí fẹnu kò pé kí Àǹtí padà sí Àkúrẹ́ lọ́jọ́ kejì, kí ó lọ múra sílẹ̀ fún ìsìnkú, pé kò sí ohun tí ó tún fẹ́ ṣe ní Ẹgbẹ́dá. Ọkọ rẹ̀ ti rán mọ́tò. Láàárọ̀ Tọ́sìdeè, mo gbé báàgì rẹ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, awakọ̀ sì ti ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀.

Àǹtí jáde. Ó gba báàgì náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e padà sí yàrá iwájú, ó gbé e sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Mo tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà. Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ibùsùn.

Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ kan la jọ dá, Àkànní. Ọjọ́ mẹ́rin mi ṣẹ́ kù."